Languedoc: Ilẹ̀ Tí Ń Jẹ́ "Bẹ́ẹ̀ Ni"

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ẹnu àwọn ènìyàn ni a wò kí a tó sọ ilẹ̀ wọn lórúkọ. Languedoc ni agbègbè àtijọ́ náà ń jẹ́, láti etí odò Rhône títí dé ìlú Toulouse. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju "èdè oc" lọ. Níbi tí àwa ti ń wí pé "bẹ́ẹ̀ ni", oc ni àwọn ará ibẹ̀ ń wí. Orúkọ yìí ni ó fà mí dé Toulouse.

Inú èdè Látìnì ni oc ti jáde, láti ara hoc, èyí tí ó túmọ̀ sí "èyí". Àwọn ará àríwá fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún tiwọn, ó di oïl, oïl sì di oui tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìnlá, Dante, akéwì ilẹ̀ Ítálì, fi "bẹ́ẹ̀ ni" ya èdè mẹ́ta sọ́tọ̀ nínú ìwé rẹ̀, De vulgari eloquentia: oc, oïl, àti sì ti àwọn ará ilé rẹ̀.

Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn ìbátan wa ní Kàbà, Ìjùmú àti Yàgbà ni à ń pè ní Okun, nítorí pé "okun" ni wọ́n fi ń kí ara wọn.

Èdè oc ní iyì nígbà kan. Àwọn akéwì-olórin tí à ń pè ní troubadour fi kọrin ìfẹ́ láàfin àwọn ìjòyè. Nígbà tí Dante fẹ́ bọlá fún Arnaut Daniel, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó jẹ́ kí ó fi èdè ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárín ewì Ítálì. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1209 ba ilẹ̀ náà jẹ́, Toulouse sì bọ́ sábẹ́ ọba Faransé ní 1271. Síbẹ̀, ní 1323, àwọn ọkùnrin méje dá ẹgbẹ́ akéwì sílẹ̀ ní Toulouse kí orin má baà parun. Òdòdó tí a fi wúrà ṣe ni ẹ̀bùn ẹni tí ewì rẹ̀ bá dára jù.

Ní 1539, òfin ọba François Kìíní sọ èdè Faransé di èdè ìwé ilé-ẹjọ́. Nígbà tí ó yá, ilé-ẹ̀kọ́ gba iṣẹ́ náà ṣe: àwọn olùkọ́ kan a máa fi igi tàbí bàtà onígi kọ́ ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Vergonha, ìtìjú, ni wọ́n ń pe ìyà yẹn. Èmi tí mo ti san owó ìtanràn nílé-ẹ̀kọ́ nítorí pé mo sọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà yé mi láìsí ògbufọ̀.

Ní Toulouse lónìí, èdè méjì ni a fi kọ orúkọ òpópónà sára ògiri. Nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ohùn kan ń fi èdè oc kéde ibùdókọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rìn níbẹ̀. Ohùn ẹ̀rọ yẹn nìkan ni mo gbọ́ tí ó sọ ọ́. Àwọn òbí kan kò gbà kí ó parí síbẹ̀: láti 1979 ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Calandreta ti ń fi èdè náà kọ́ àwọn ọmọdé.

Láti 2016, Occitanie ni ẹkùn náà ń jẹ́. Oc ṣì wà nínú rẹ̀. Languedoc sì wà lára ìgò wáìnì káàkiri ayé. Orúkọ lè pẹ́ lára ìgò àti lára ògiri, ṣùgbọ́n èdè kò ní ilé mìíràn ju ẹnu ọmọ lọ. Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ọmọdé bá bi yín ní ìbéèrè nílé lálẹ́ òní, èdè wo ni ẹ ó fi wí fún un pé bẹ́ẹ̀ ni?