Ta ló ka ìwé kó tó mọ Mario gbá?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé géèmù ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ẹ jókòó, mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀. 🧵

1/ Ẹ wo Super Mario Bros. tí Nintendo gbé jáde lọ́dún 1985. Tó o bá bẹ̀rẹ̀, kò sí tíṣà, kò sí àlàyé kankan. Mario dúró lápá òsì, àyè gbalasa wà níwájú ẹ̀. O tẹ bọ́tìnnì, ó rìn. O ti mọ ìyẹn nìyẹn.

2/ Kò pẹ́, nǹkan kékeré kan tó fajú ro ń rìn bọ̀. O ò fò, ó kàn ẹ́, o kú. O tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, o fò, o bọ́ lé e lórí, òun ló kú. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹ pé ọ̀tá ni, àmọ́ o ò ní gbàgbé mọ́ láé.

3/ O tún fò kan búlọ́ọ̀kù tó ní àmì ìbéèrè, olú jáde. Olú yìí jọ ọ̀tá tó pa ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, o fẹ́ sá. Ó rìn lọ, ó kọlu páìpù, ó ṣẹ́rí padà wá bá ẹ. Ó kàn ẹ́, o di ńlá! Shigeru Miyamoto tó ṣe géèmù náà ti ṣàlàyé pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ tò ó bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀kọ́ ni, eré ni wọ́n fi bò ó.

4/ Kí ló jẹ́ kó ṣiṣẹ́? Àṣìṣe ò wọ́n níbẹ̀. O kú, kó o tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́ o ti padà dé. Kò sẹ́ni tó nà ẹ́, kò sẹ́ni tó fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

5/ Jann Mardenborough ńkọ́? Géèmù Gran Turismo ló fi gba ìdíje GT Academy lọ́dún 2011. Wọn ò kàn fún un ní ife-ẹ̀yẹ kó máa lọ o. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ gidi, ó tún fọwọ́ kọ́ ìyẹn náà. Ní 2013, ó ti ń wa ọkọ̀ níbi eré Le Mans.

6/ Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sílé. Ní sẹ́kọ́ńdìrì tèmi, ara bọ́ọ̀dù ni tíṣà ya kíbọ́ọ̀dù sí. A kọ́ orúkọ gbogbo ẹ̀ sórí, a gba máàkì, ọwọ́ wa ò kan máòsì rí. Ọ̀pọ̀ yín ń mi orí, mo mọ̀. 😂 Bẹ́ẹ̀, JAMB ti gbé ìdánwò ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà láti 2015. Ìyẹn ni pé ibi tí ọmọ mìíràn ti máa kọ́kọ́ di máòsì mú ni ibi tí àṣìṣe ti lè ná an ní odindi ọdún kan. Mario gan-an ò ṣe irú ìkà yẹn sí wa.

7/ Àwọn télọ̀ wa sì mọ èyí tipẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í fọwọ́ kan léèsì oníbàárà. Bébà àpò sìmẹ́ǹtì ni ọ̀gá ń fún un gé. Tó bá bà á jẹ́, bébà lásán ni, á tún mú òmíràn. Kò sẹ́ni tó ń fẹnu lásán kọ́ iṣẹ́ télọ̀.

8/ Torí náà, tẹ́ ẹ bá ní láptọ́ọ̀pù àtijọ́ nílé, ẹ gbé e fún àbúrò yín. Ẹ jẹ́ kó tẹ ìtẹ̀kutẹ̀ níbi tí kò ti ná an ní nǹkan kan, kó tó di ọjọ́ ìdánwò.

Kí lẹ̀yin fọwọ́ kọ́ tí ìwé ò lè kọ́ yín? Ẹ sọ ọ́ nísàlẹ̀, mò ń kà á. 👇