Ilé Orí Igi

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá lọ kí ọmọ yín ní Flọ́rídà, tí wọ́n sì mú yín lọ sí Magic Kingdom, ọgbà ìgbafẹ́ tí Disney ṣí ní ọdún 1971, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé fà yín kọjá ilé orí igi tó wà níbẹ̀. Wọ́n á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, pé àtẹ̀gùn lásán ni. Òótọ́ ni, àtẹ̀gùn ni, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu kó rọra máa gùn ún, kó di okùn ẹ̀gbẹ́ mú, torí àwọn èrò ń bọ̀ lẹ́yìn.

Igi ọ̀hún ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 60. Ẹ fọwọ́ kàn án wò: kọnkéré ni, irin ló wà nínú rẹ̀, ike sì ni ewé rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n fún un lórúkọ bí èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń fún igi, Disneyodendron eximus. Òyìnbó mọ eré ṣe o!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ó ti wá. Pásítọ̀ kan ní Switzerland, Johann David Wyss, bí ọmọkùnrin mẹ́rin. Kí ó lè fi kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe ń sọ ìtàn ìdílé kan tí ọkọ̀ ojú omi wọn rì. Àwọn atukọ̀ sá lọ, wọ́n fi bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n rí kó jáde nínú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ayé ní erékùṣù. Ìtàn náà di ìwé ní ọdún 1812. Disney ṣe sìnímà rẹ̀ ní 1960, wọ́n kọ́ irú ilé náà sí ọgbà wọn ní Kalifọ́níà ní 1962, kí wọ́n tó kọ́ ti Flọ́rídà.

Omi ibẹ̀ ló dá mi dúró jù. Odò kékeré kan ń yí kẹ̀kẹ́ ńlá, àwọn ife ọparun ń bu omi gòkè dé orí igi, omi á wá máa gba inú ọparun ṣàn padà wá sílẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ kankan nínú ìtàn náà, bàbá àtàwọn ọmọ rẹ̀ ló ronú kàn án. Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró de mairúwà láàárọ̀, ẹ kúkú mọ ìdí tí mi ò fi tètè kúrò níbẹ̀.

Lókè, ẹ ó rí yàrá àwọn ọmọ, yàrá òbí, àti dùùrù tó ń dún láìsí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ wà létòlétò, àwọn onílé nìkan ni kò sí. Nínú sìnímà, ìyá kọ́kọ́ ń bẹ̀rù láti gbé orí igi. Bàbá bá ṣe òrùlé yàrá wọn kí ó lè ṣí, kí ìyàwó rẹ̀ máa rí ìràwọ̀ lóru. Ẹ jọ̀ọ́, mo jókòó díẹ̀ níbẹ̀. Ọdún kẹrin rèé tí ọkọ mi ti sùn nínú Olúwa, òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan wíńdò yàrá wa.

Ìparí sìnímà yẹn ni mo ń rò bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ tó lè gbé wọn lọ dé níkẹyìn. Bàbá àti ìyá ní àwọn ò lọ mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin bá ọkọ̀ lọ nítorí ìwé. Ìjì ò tú wọn ká, ọkọ̀ ìgbàlà ló pín wọn.

Ọmọ mi obìnrin di apá mi mú lórí àtẹ̀gùn. Ó ní, “Màmá, ẹ ò ṣe kúkú dúró tì wá? Ta lẹ tún ń padà lọ bá?”

Mo ní, “Jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ ná, àwọn èrò ń bọ̀ lẹ́yìn.”

Ọjọ́ kẹta ni mo wọ bàálù. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ló máa ń pè mí, ìbéèrè yẹn náà ló sì máa ń bi mí. Mi ò tíì fún un lésì.