Eyín Ọmọdé Náà, Eyín Ni

Bí eyín ọmọ bá já nílẹ̀ Yorùbá, òun àti òkúta wẹ́wẹ́ ni a máa ń jù sórí òrùlé, pé kí alángbá má rí i, kí tuntun lè hù. Àṣà yìí dùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí ní Ọ̀fà ló tibẹ̀ rò pé eyín tí yóò já kò nílò ìtọ́jú. Nígbà tí eyín tí àbúrò mi, ọmọ ọdún 6, fi ń rún oúnjẹ dihò, ìyá àgbà ní kí a fi sílẹ̀, pé yóò kúkú já.

Yóò já lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà wo? Eyín ọmọdé jẹ́ 20. Àwọn tó wà lẹ́yìn kì í sábà já títí ọmọ fi tó ọdún 10 sí 12. Ta ló lè fi ọdún 4 máa jẹ̀rora? Bí a bá sì fà á yọ ṣáájú àsìkò, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè sún dí àyè eyín àgbà.

Ohun tí wọ́n fi ń dí ihò eyín kì í ṣe ẹyọ kan. Amalgam, aláwọ̀ fàdákà, le, ó sì ń pẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ mẹ́kúrì, májèlé tí ń wọ inú omi àti ẹja. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì. Ní 2022, wọ́n fẹnu kò níbẹ̀ pé kí a má fi amalgam dí eyín ọmọdé mọ́, àyàfi bí dókítà bá rí i pé ó pọn dandan.

Composite resin jọ eyín gan-an, ṣùgbọ́n ibi tí a fẹ́ dí gbọ́dọ̀ gbẹ, iná pàtàkì ni wọ́n sì fi ń mú un le. Ọmọ tó ń sunkún kì í jẹ́ kí ẹnu gbẹ.

Glass ionomer ń lẹ̀ mọ́ eyín fúnra rẹ̀, ó sì ń tú fluoride sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Dókítà lè fi irinṣẹ́ ọwọ́ ha ibi tó jẹrà, kó sì dí i láìlo ẹ̀rọ aláriwo. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a bá ọmọdé jà á lórí àga dókítà. Aléébù rẹ̀ ni pé ó tètè ń jẹ, pàápàá bí ihò bá gbòòrò. Fún irú ihò bẹ́ẹ̀, adé onírin tí ń bo gbogbo eyín ló máa ń pẹ́ jù.

Ihò àbúrò mi kéré, glass ionomer ni wọ́n fi dí i. Kò pẹ́ tó fi ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu náà jẹ iṣu.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bi dókítà yín pé: báwo ni ihò náà ṣe tóbi tó? Ṣé ọmọ yìí lè jókòó jẹ́ẹ́? Ọdún mélòó ló kù kí eyín náà já? Ìdáhùn ni yóò sọ èyí tó yẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí eyín ọmọdé já nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá tó, kí ó má jẹ́ ìrora ni yóò lé e jáde.