Ojú Lọ̀rọ̀ Wà, Ọwọ́ Niṣẹ́ Wà

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹni tó bá ń wáṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá jókòó níwájú wa ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi a máa sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí èèyàn ṣe wọlé, bó ṣe kí àgbà, bí èdè Faransé ṣe yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu tó, òun la fi ń mọ̀ ọ́n. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò ro ti owó ọkọ̀ tí ẹni tó ti Kétu wá ná, tàbí pé ọmọ tó jẹ́ Ègùn àti Yorùbá ló fi dàgbà lè mọ ìṣirò ju sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lọ.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba Benin sé ọ̀nà tó wọ Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú kan mìíràn nítorí àrùn Kòrónà. Ó di ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó ṣí i. A bá kọ ìbéèrè márùn-ún ránṣẹ́ sí àwọn tó ń wáṣẹ́ lórí WhatsApp, kálukú sì fi fídíò dáhùn. Ó dára lọ́nà kan: àwa mẹ́ta tí à ń gbani síṣẹ́ lè wo ìdáhùn kan náà, ká sì tún un wò.

Fídíò ọ̀dọ́bìnrin kan ń já, ariwo ọjà sì bo ohùn rẹ̀. Máàkì kékeré ni mo fún un. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, a ní kí gbogbo wọn wá ṣírò owó ọjọ́ kan lójú wa. Òun nìkan ló rí àṣìṣe tó wà nínú ìwé owó tí a fún wọn. Ó dùn mí wọra: fóònù rẹ̀ ni mo ti fún ní máàkì.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ tí iléeṣẹ́ HireVue fi ń ṣàyẹ̀wò àwọn tó ń wáṣẹ́ náà ti fìgbà kan rí máa ń fi ojú tó wà nínú fídíò díwọ̀n èèyàn. Ní 2021 ni iléeṣẹ́ náà kéde pé àwọn ti jáwọ́. Àwọn olùwádìí Schmidt àti Hunter, tí wọ́n kó ìwádìí ọdún 85 jọ ní 1998, sì ti fi hàn pé ìbéèrè kan náà fún gbogbo èèyàn ń sọ bí èèyàn yóò ṣe ṣiṣẹ́ ju ìtàkúrọ̀sọ lásán lọ.

Ìbéèrè kan náà ni mo ń bi gbogbo wọn báyìí, ní ojúkojú tàbí lórí fídíò, pẹ̀lú iṣẹ́ díẹ̀ tí kálukú máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Bí fídíò bá sì wọlé, mo máa ń kọ́kọ́ dojú fóònù dé lórí tábìlì, kí n gbọ́ ìdáhùn tán kí n tó wo ojú.