Alẹ́ Jazz Kan ní Yábàá

Kí n tó kúrò ní Ìkọ̀lé lọ ṣe IT ní Èkó ni mo ti rí ẹni tó máa ra saxophone mi. Mo jẹ lánlọ́ọ̀dù lówó ilé, fèrè yẹn nìkan ni mo sì ní tó lè di owó. Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo ti ń fọn ọ́n. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: tí a bá gbọ́ orin lálẹ́ ní Ọyẹ́ tàbí Ìkọ̀lé, DJ àti sípíkà ni, nígbà púpọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ sí ibì kékeré kan ní Yábàá tí wọ́n ti ń ṣeré jazz. Mo ka àwa tí a wá wòran: a ò ju mẹ́rìndínlógún lọ. Bàbá kan tó ti hewú ló ń fọn saxophone. Ó fọn orin kan tí gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀, jẹ́jẹ́, bí a ṣe ń kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló yà kúrò lójú ọ̀nà. Onígìtá ń dá a lóhùn, onílù ń tì í lẹ́yìn. Mo rò pé ó ti sọnù, àfi bó ṣe tún já sínú orin yẹn gan-an, tí gbogbo wa pariwo. NEPA mú iná lọ. Bàbá ò dúró. Inú òkùnkùn ló ti ń fọn ọ́n lọ títí wọ́n fi tan jẹnẹrétọ̀.

Lẹ́yìn eré, mo kí wọn, mo sì bi wọ́n bóyá kì í dùn wọ́n pé èrò ò pọ̀.

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"Ẹ ti pọ̀ tó nìyẹn."

Bí a ṣe ń lọ sílé, ẹ̀gbọ́n mi ní Yábàá yìí náà ni Kakadu wà, ilé ìjó tí Fẹlá ti ń ṣeré lẹ́yìn tó ti London dé ní 1963. Jazz tó kọ́kọ́ gbé bọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ rí olùgbọ́. Ó dà á pọ̀ mọ́ highlife, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kó tó di Afrobeat.

Mo ta fèrè náà. Owó ilé ò gbọ́ àwáwí. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ ọ̀gá akọrin wa ní Ìkọ̀lé, wọ́n sì gbà kí n máa yá ti ṣọ́ọ̀ṣì ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní gìtá tàbí ìlù, ẹ máa bọ̀. Àwa mẹ́ta péré náà tó bẹ̀rẹ̀.