Fùfú Tí Í Ṣe Iyán

Láti Lomé dé Atakpamé tó nǹkan bí 160 kìlómítà lójú ọ̀nà ńlá tí ó gba Tsévié àti Notsé kọjá. Ebi kì í pa ẹni tí ó bá ń gba ọ̀nà yìí. Bí ọkọ̀ bá ti dúró ni àwọn ọlọ́jà yóò ti yí i ká pẹ̀lú ẹyin sísè, búrẹ́dì àti àgbàdo sísun. Ní Notsé, àwa mẹ́fà tí a jọ ń lọ jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ayimolou, pẹ̀lú ata tí ó mú wa sunkún ayọ̀.

Orí òkè ni Atakpamé wà. Nígbà tí a dé ibẹ̀ lọ́sàn-án, a rí pátákó ilé oúnjẹ kan tí a kọ «Fufu Bar» sí. Àgbà kan nínú wa, ọmọ Ìbàdàn, fajú ro. Ó ní: «Ṣé nítorí gbágùúdá tí ń rùn ni a ṣe rin ọ̀nà jíjìn báyìí?» Àwa yòókù rẹ́rìn-ín.

Olóúnjẹ gbọ́. Ó gbé ìgbakọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì fi Yorùbá tí ohùn Aná wà nínú rẹ̀ dáhùn: «Bàbá, ẹ kú ìrìn o. Kò sí ohun tí ń rùn nínú odó mi. Ẹ wá wò ó kí ẹ tó sọ̀rọ̀.»

Ojú tì wá. A tẹ̀ lé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta dúró yí odó kan ká. Bí ọmọ odó kan ti ń lọ sókè ni òmíràn ń bọ̀ wálẹ̀. Iṣu funfun ni wọ́n ń gún.

Bàbá kígbe pé: «Iyán mà nìyí!»

Obìnrin náà ní: «Iyán ni lẹ́nu yín. Fùfú ni gbogbo èrò ọkọ̀ mọ̀ ọ́n sí, òun ni mo ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.»

Bàbá ṣí fìlà. «Ìyá, ẹ dákun, ẹ forí jì mí. Mo bú oúnjẹ tí n kò tíì fojú rí.» Obìnrin náà kò sọ nǹkan kan, ó bu ọbẹ̀ ẹ̀pà àti ẹran ewúrẹ́ lé iyán, ó sì gbé e síwájú rẹ̀. Bàbá jẹ ẹ́ tán, ó sì tún bèèrè òmíràn.

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Àwa kò bèèrè, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìbátan wa ni a wà. Ifẹ̀ ni àwọn Aná ń pe ara wọn. Ohun tí àwa ń pè ní iṣu, itsu ni wọ́n ń pè é, Odon-Itsu sì ni orúkọ ọdún iṣu wọn. Díẹ̀ ni ó kù kí orúkọ kan lára pátákó lé wa kúrò nídìí oúnjẹ ilé baba wa, kí ó sì mú wa fi ọ̀rọ̀ gún ẹni tí ó sè é fún wa lọ́kàn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ óò gba ọ̀nà yìí, ẹ bèèrè ohun tí ó wà nínú odó kí ẹ tó rẹ́rìn-ín.