Iye Àgbàdo ní Chicago, Iye Àgbàdo ní Harobanda

Ní ìgbà òjò, bí aago bá ti kọjá méje alẹ́ díẹ̀ ní Harobanda, tí àwọn ọkùnrin àdúgbò wa ń jáde láti mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Màgáríbà, ìgbà náà ni ọjà àgbàdo máa ń parí ní Chicago. Ọ̀sán ṣì ni ní ọ̀dọ̀ tiwọn. Èmi á ti gbé kọ̀ǹpútà lé itan lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, n ó máa kọ ìròyìn ọjọ́ náà: ṣé àgbàdo wálẹ̀ àbí ó lọ sókè, àlìkámà ńkọ́, sóyà ńkọ́, òjò rọ̀ ní Iowa àbí kò rọ̀, ta ló ra ọkà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà lọ́sẹ̀ yìí. Èdè Faransé ni mo fi ń kọ ọ́, fún àwọn oníbàárà tí mi ò fojú rí rí. Iṣẹ́ yẹn ló ń san owó ilé mi. Òun náà ló mú mi ṣi ìyá kan lọ́nà ní ọdún 2023, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Harobanda ni apá Niamey tó wà ní òdìkejì Odò Ọya. Ní èdè Zarma, ẹ̀yìn odò ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Láti ọdún 1970 ni afárá Kennedy ti so wá mọ́ ìgboro, afárá méjì mìíràn sì ti tẹ̀lé e. Ọmọ Kétu ni mí, ní ilẹ̀ Benin. Mo wá kàwé gba másítà ní Yunifásítì Abdou Moumouni, tó wà ní apá ibí yìí, mo kàwé tán, mi ò padà sílé. Ìyá tí mò ń sọ, ọmọ Ṣakí ni wọ́n. Wọ́n ti ń ta ògì, ẹ̀kọ àti àkàrà ní àdúgbò wa kí n tó dé. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé. Èmi ni mo máa ń ka ìwé Faransé fún wọn. Àwọn náà kì í jẹ́ kí ebi pa mí láàárọ̀.

Ní òpin oṣù kẹfà ọdún 2023, lẹ́yìn Iléyá, Ìyá kó àjọ. Wọ́n fẹ́ fi owó náà ra àpò àgbàdo mẹ́wàá sílẹ̀. Ní Niger, láti oṣù kẹfà títí dé ìkẹsàn-án ni àká máa ń gbẹ, nítorí jéró tuntun kì í jáde títí di oṣù kẹsàn-án. Gbogbo ẹni tó ń fi ọkà ṣòwò ló mọ̀ pé àsìkò ọ̀wọ́n nìyẹn. Ìyá pè mí.

"Ọmọ mi, ìwọ tí o máa ń wo iye ọkà lójoojúmọ́ nínú ẹ̀rọ yẹn, ṣé kí n rà á báyìí, àbí kí n dúró?"

Mo ní kí wọ́n dúró.

Mi ò ṣàdédé sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà yẹn gan-an, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀ràn àgbẹ̀ gbé ìwé kan jáde. Wọ́n ní mílíọ̀nù 94 éékà ni àwọn àgbẹ̀ wọn gbin àgbàdo sí, èyí tó fi ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Kí ìwé náà tó jáde, ẹ̀rù ọ̀dá ló ń ba àwọn ọlọ́jà. Nǹkan bí ìdajì péré nínú àgbàdo wọn ni wọ́n sọ pé ó wà ní ipò tó dára. Bí wọ́n ti gbọ́ iye éékà náà, tí wọ́n sì ń retí òjò, àgbàdo já wálẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó bọ́ sí abẹ́ dọ́là 5 fún búṣẹ̀lì kan, ìyẹn nǹkan bíi kílò 25. Ohun kejì ni pé ní oṣù kẹfà yẹn náà, báńkì àgbà Nàìjíríà jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà, náírà sì já. Mo ṣírò ó pé bí náírà bá ti já, àgbàdo tó ń gba Konni wọlé láti Nàìjíríà á rọjú fún ẹni tó ń ná séfà. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Ìyá bí olùkọ́ tó wà níwájú kíláàsì. Wọ́n gbọ́, wọ́n ní, "Ìwọ lo kàwé, èmi ò kà á." Wọ́n gbé owó wọn pamọ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje, àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum. Ní ọjọ́ 30, àwọn olórí ECOWAS pàdé ní Àbújá, wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n ti ẹnubodè mọ́ Niger. Nàìjíríà tì í. Benin, ilẹ̀ bàbá mi, tì í. Afárá tó wà láàárín Malanville àti Gaya, tí ẹrù láti èbúté Cotonou ń gbà wọlé, di ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù tò sí lọ rẹrẹ. Ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìpàdé Àbújá, India ti fòfin de títa ìrẹsì funfun tí kì í ṣe basmati sí òkèèrè. Ní Niamey, iye ìrẹsì fò sókè, àgbàdo náà kò gbẹ́yìn. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù kẹjọ, owó àpò mẹ́wàá tó wà lọ́wọ́ Ìyá kò ra ju àpò mẹ́jọ lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sọ èyí fún mi, mo ṣí kọ̀ǹpútà. Ní Chicago, àgbàdo ṣì wà nílẹ̀ níbi tí mo sọ pé ó máa wà. Ohun tí mo sọ ṣẹ níbẹ̀, kò ṣẹ ní Harobanda.

Ìyá kò bú mi. Wọ́n dín ẹ̀kọ kù, wọ́n sì dá ọmọbìnrin tó ń bá wọn sẹ́ ògì dúró fún oṣù méjì. Èyí ló dùn mí jù. Ọmọ náà kò mọ Chicago, kò mọ Àbújá, kò sì gba ìmọ̀ràn kankan lọ́wọ́ mi. Yorùbá ní ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé onílé ni mo wò.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé kí ni mò ń kọ gan-an lálaalẹ́. Ohun tí wọ́n ń tà ní Chicago kì í ṣe àgbàdo tó wà nínú àpò. Àdéhùn ni. Láti ọdún 1848 ni àwọn oníṣòwò ti dá ọjà náà sílẹ̀. Ẹyọ àdéhùn àgbàdo kan dúró fún búṣẹ̀lì 5,000, ìyẹn tọ́ọ̀nù 127. Àgbẹ̀ tó ń bẹ̀rù pé ọjà á já nígbà ìkórè lè fi àdéhùn náà de iye tó máa gbà láti ìsinsìnyí. Ẹni tó ń rà á lọ lọ̀ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ọ̀wọ́n má bàa ká a mọ́. Ọgbọ́n ńlá ni, mi ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n lórí kí ni ọgbọ́n náà dúró? Lórí ọ̀nà tí kì í dí, ilé ìkẹ́rùsí tó ṣeé fọkàn tán, àti ilé ẹjọ́ tó ń mú ẹni tó bá yẹ àdéhùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí jéró níbẹ̀. Kò sí ẹ̀wà wa níbẹ̀, ẹ̀wà tí Nàìjíríà ń gbìn jù láyé, tí Niger sì tẹ̀lé e. Ẹ̀wà tí wọ́n ń fi ṣe mọ́ínmọ́ín ní Èkó lè jẹ́ èyí tó ti Maradi wá, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í pe iye rẹ̀ ní Chicago.

Ta wá ni ó ń pe é? Fóònù ni. Láàárín ọdún 2001 sí 2006, tí fóònù alágbèéká ń tàn ká Niger, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Jenny Aker, ṣe ìwádìí lórí àwọn ọjà ọkà ibí. Ó rí i pé fóònù dín ìyàtọ̀ iye ọkà láti ọjà sí ọjà kù ní ìdá 10 sí 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Alágbàtà tó máa ń wọkọ̀ káàkiri kó tó mọ iye wá ń fi ìpè kan ṣoṣo mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ìròyìn nìkan kì í gbé àpò. Ní ọdún 2005, ọ̀wọ́n jéró da ọ̀pọ̀ ilé rú ní Niger. Òótọ́ ni pé ọ̀dá àti eṣú ti bá oko jà ní 2004. Àmọ́ àwọn oníṣòwò ń gbé jéró lọ sí Nàìjíríà, níbi tí owó rẹ̀ ti ga jù, nígbà tí Burkina Faso àti Mali ń dí ọ̀nà ọkà tiwọn. Oúnjẹ wà lórí àtẹ, ọwọ́ tálákà ni kò tó o.

Àwa náà ní àdéhùn ọjọ́ iwájú tiwa, ó ti pẹ́. Àgbẹ̀ tí àká rẹ̀ bá gbẹ lóṣù keje á lọ bá ẹni tó ní ọkà, á gba àpò kan, á sì ṣèlérí àpò méjì nígbà ìkórè. Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe ní Chicago, àmọ́ tibẹ̀, gbogbo ayé ló ń rí iye tí wọ́n fi ń ná an. Tiwa, ẹni tí ebi ń pa ló ń bá ẹni tó yó dúnàádúrà, ní ìkọ̀kọ̀. Nítorí èyí ni àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ní Niger ṣe ń lo ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní warrantage, láti nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Nígbà ìkórè tí ọjà já, wọ́n á kó ọkà wọn sí ilé ìkẹ́rùsí kan, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ méjì tì í, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń yá wọn lówó. Wọ́n á fi owó náà jẹun, wọ́n á fi ṣòwò. Bí ọkà bá wá wọ́n, wọ́n á tà á, wọ́n á san gbèsè, èrè á sì kù sọ́wọ́ wọn. Kò sí nǹkan tó le nínú rẹ̀, àfi kí ènìyàn lè fọkàn tán ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ kejì mú.

Ohun tó ń tì mí lójú jù nìyí. Nínú Harobanda yìí kan náà, lójú títì Yunifásítì, ni AGRHYMET wà, ilé iṣẹ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè Sahel dá sílẹ̀ ní 1974 lẹ́yìn ọ̀dá ńlá, láti máa ṣọ́ òjò àti oko gbogbo agbègbè wa. Ìjọba Niger náà ní àwọn tó ń gba iye ọkà jọ láti ọjà dé ọjà. Èmi tí mo lè ka gbogbo rẹ̀, tí mo lè túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá ní Yorùbá, mi ò kà á. Òjò Iowa ni mò ń kà, nítorí òun ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi. Mo rò pé èmi nìkan kọ́ ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín àwa tí a kàwé. A mọ iye tí ọkà jẹ́ ní ibi gbogbo, àfi ní ọjà tí ìyá wa ti ń rà á.

Ọ̀rọ̀ tó kù, ti àwọn ìjọba wa ni. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2024, ECOWAS tú ìjìyà náà ká, ṣùgbọ́n Niger kò ṣí ẹnubodè rẹ̀ pẹ̀lú Benin. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Niger tún fòfin de kíkó ìrẹsì àti ọkà jáde, àfi sí Mali àti Burkina Faso. Kálukú ń sọ pé òun ń dáàbò bo àwọn ènìyàn òun. Mi ò sọ pé kí ìjọba máa wòran tí ọkà bá ń ṣàn jáde lójú ebi. Mo rántí 2005. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ní àká ìjọba nìyẹn. Láti 1970 ni Niger ti ní OPVN, tó ń ra ọkà pamọ́ láti fi tù ọjà lára. Bí àká bá kún, kò sídìí láti dí afárá. Afárá tí a bá dí lónìí nítorí ìjà àwọn olórí, ẹlẹ́kọ ló ń san gbèsè rẹ̀. Àgbẹ̀ tí oníbàárà rẹ̀ tó dára jù wà ní Ṣókótó náà ń san nínú rẹ̀.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Ìyá kó àjọ mìíràn. Wọn kò bi mí léèrè. Wọ́n pe ẹnìkan ní Gaya, wọ́n pe ẹnìkan ní Dosso, wọ́n ra ìwọ̀n tí agbára wọn ká. Ọmọbìnrin náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo ṣì ń kọ ìròyìn Chicago. Àmọ́ kí n tó fi í ránṣẹ́ lálaalẹ́, mo máa ń lọ bi Ìyá pé èló ni tíyà àgbàdo kan lónìí, èló ni ti jéró, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Kò sẹ́ni tó ń sanwó ìyẹn fún mi. Ìyá bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, iṣẹ́ ni mò ń kọ́."